Àsáró Tí Kò Níyọ̀

Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti àbúrò mi mọ́, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Wọ́dà á ṣí ìdérí abọ́, á fi ṣíbí rò ó kanlẹ̀, á bu díẹ̀, á sì nà án sí ọ. O gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀, kí o gbé e mì, kí o sì la ẹnu kó rí i pé ó ti wọlé. Ìgbà náà ni yóò tó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fi nǹkan burúkú sínú oúnjẹ ẹlòmíràn ni.

Mi ò mọ èyí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Mo wọ ọkọ̀ mẹ́ta láti Baruwa, mo gbé abọ́ àsáró tí Màmi fi aṣọ dì lé itan, mo sì dé ibẹ̀ nígbà tí aago mọ́kànlá ń lọ lù. Ebi ń pa mí. Ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Olúwaníyì lọ sí ọgbà náà, Màmi kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wa, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé oúnjẹ kò ní kan ẹnu wa láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, títí Níyì yóò fi padà wọlé. "Àwa" ni wọ́n pè é. Èmi náà ṣe àmín.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́dà na ṣíbí sí mi, mo sọ fún un pé mò ń gbààwẹ̀. Obìnrin kan tó sanra ni, Ọ̀gá Súmbọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Ó ní kò burú. Ó ní kí n gbé abọ́ mi, kí n máa lọ sílé, kí n padà wá lọ́jọ́ tí mi ò bá gbààwẹ̀.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà fọwọ́ kan èjìká mi. Hamdalah lorúkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló wá wò. Oṣù Ràmàdáánì la wà nígbà náà, mo sì rí i pé ètè tirẹ̀ náà gbẹ.

"Jẹ ẹ́ jàre," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Èmi náà ń gbààwẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá wá síbí ni mò ń já a. Tí oṣù bá parí, màá gba ti àwọn ọjọ́ yẹn padà."

Ó wù mí kí n bi í léèrè bí àwa náà ṣe lè gba tiwa padà, nítorí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Níyì ti lò láìjẹ oúnjẹ ilé. Mo la ẹnu.

Àsáró náà kò níyọ̀. Kì í ṣe pé iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi omi òjò sè é. Epo wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ata wà níbẹ̀, iyọ̀ nìkan ni kò sí. Mo gbé e mì, mo la ẹnu fún Ọ̀gá Súmbọ̀, ó sì ní kí n wọlé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Ojú iná ni Màmi ti máa ń tọ́ gbogbo nǹkan wò tẹ́lẹ̀. Wọ́n á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á lá a, wọ́n á ronú bí ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò, kí wọ́n tó mú iyọ̀. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ń sè ti Níyì báyìí, ààwẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Dókítà sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń ga, nítorí náà ọwọ́ wọn a máa fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn? Tí mo bá ní iyọ̀ ò tó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí ni bí mo ṣe mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àbúrò mi ṣe débẹ̀. Ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ. Ó ń tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan ní Ìkòtún, ìsọ̀ tí tábìlì kan àti àga méjì kún. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejì, ọmọkùnrin kan gbé fóònù wá pé kó bá òun ṣí i, òun ti gbàgbé nọ́ńbà tí òun fi tì í. Níyì fi iná sí i. Bí fóònù ṣe jí, ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Níyì gbé e. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ní fóònù òun ni, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ òun ní Ẹ̀gbẹ́dá ní àná. Níyì júwe ìsọ̀ rẹ̀ fún un láti orí títì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì jókòó dè é. Obìnrin náà dé, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ló kó wá. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù wá kò padà mọ́. Àwọn ọlọ́pàá kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ìyẹn fóònù àti àbúrò mi.

Adájọ́ gba béèlì rẹ̀. Onídùúró méjì ni wọ́n béèrè, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn méjì tó ṣèlérí fún wa, kò sí èyí tó tún gbé ìpè wa nínú wọn. Báyìí ni oṣù kan ṣe di márùn-ún.

Nínú oṣù márùn-ún yẹn, Màmi kò lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n rí i ni ọjọ́ àkọ́kọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bá a lẹ́yìn káńtà, láìwọ bàtà, ó fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú nítorí pé wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Níyì, ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyí?" Wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Ọmọ Èkìtì ni Màmi, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìgandó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá wa ti kú tipẹ́. Kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ní láyé ju àwa ọmọ méjèèjì àti orúkọ rere wọn lọ.

Èmi ni mò ń lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ àbẹ̀wò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń fún wa, tábìlì gígùn kan á wà láàárín wa, wọ́dà á sì máa rìn lọ rìn bọ̀. Nínú ọkọ̀ ni mo ti máa ń ṣa ohun tí mo fẹ́ sọ fún un, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò gba ìsọkúsọ. Mo máa ń sọ ẹni tó wá béèrè rẹ̀ ní ìsọ̀. Mo ń ṣí ìsọ̀ náà ní ọ̀sán, mò ń nu eruku ara àwọn fóònù tí kò tíì tún ṣe, kí àwọn ènìyàn má baà rò pé ó ti kógbá wọlé. Mo sọ fún un pé ajá onílé wa bí mẹ́fà. Mo sọ fún un nígbà tí wọ́n da òkúta sí ojú ọ̀nà wa, mo sì tún sọ fún un nígbà tí òjò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Tí mo bá ti ka ìwé kan tán, màá sọ ìtàn inú rẹ̀ fún un, màá dúró níbi tó dùn jù kó lè ní ohun tí yóò máa retí.

Lọ́kàn mi, mo ti mú un padà wálé láìmọye ìgbà. Nígbà mìíràn, òjò ló ń rọ̀, ó sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà wa pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, ọjọ́ Àìkú ni, Màmi sì sáré jáde láìwé gèlè. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀ tí wọ́n ti pè é ní olè.

Ó máa ń jẹ àsáró yẹn tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jẹ ẹnu kan, ó dúró, ó wò mí. Mo sọ fún un nípa ààwẹ̀ àti ìdí tí Màmi kì í fi tọ́ oúnjẹ wò. Mo tún sọ fún un ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n má sọ fún wọn. Láti ìgbà náà ló ti sọ iyọ̀ di àwàdà. Yóò bi mí bóyá iyọ̀ ti tán ní gbogbo Èkó ni. Ní ìgbà kan, mo ra iyọ̀ díẹ̀, mo tú aṣọ abọ́ náà ní ibùdókọ̀, mo sì rò ó sí i. Ọkọ̀ ń pè mí, mi ò rò ó dáadáa, gbogbo iyọ̀ sì kó jọ sí ojú kan. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi bá a níbẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Sìsítà mi," ó ní, "lónìí, òkun ló wá wò mí."

Ṣùgbọ́n ó máa ń béèrè wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́jọ́ Ẹtì, ìbéèrè kan náà ni: Màmi ńkọ́? Màá ní wọ́n kí i. Màá ní orúnkún ló ń dùn wọ́n. Ó máa ń mi orí, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje, kò fi oúnjẹ ṣàwàdà. Ó jẹ ẹ́ tán bí ẹni tó ń mu oògùn, ó ti abọ́ sí mi, ó sì sọ fún mi pé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ nílé ẹjọ́, òun máa yí ọ̀rọ̀ òun padà. Òun máa ní òun jẹ̀bi. Ẹnì kan nínú yàrá wọn ló ti ṣàlàyé fún un pé bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ lè ka oṣù márùn-ún tó ti lò mọ́ ọn lọ́wọ́, kó ní kó máa lọ sílé.

Mo rán an létí pé lọ́yà wa, Lọ́yà Adébùnmí, ti rí obìnrin tó ni fóònù. Ìyáàfin Ọláfimíhàn lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ti ṣèlérí pé òun máa wá sílé ẹjọ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an láti sọ pé Níyì ló gbé ìpè òun tó sì júwe ọ̀nà fún òun. Olè wo ló ń júwe ilé fún ẹni tó jà lólè? Bó bá ti ní òun jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó tún máa gbọ́ ẹ̀rí obìnrin náà. Yóò padà wá sí Ìkòtún, ta ló tún máa gbé fóònù fún un tún ṣe?

"Tí ìyẹn ò bá wá ńkọ́?" ó ní. "Wọ́n á tún sún un síwájú. Tómi, ó ti rẹ̀ mí. Ta ni mò ń ṣe é fún? Màmi ti dá ẹjọ́ tèmi láti àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn ò tiẹ̀ lè wá wo ojú mi."

Wọ́dà ní àkókò ti tó. Ó dìde kí n tó dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló kù ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn. Nínú ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé Baruwa, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: bí mo bá mú Màmi débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò ní sọ pé òun jẹ̀bi. Bí mi ò bá mú wọn débẹ̀, yóò sọ ọ́.

Mo sọ fún wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí aago mẹ́fà lù tí a ti mu ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ń fi ìka nu etí ife. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn kì í ṣe lọ́yà, àwọn kì í ṣe adájọ́, ohun tí agbára àwọn ká ni àdúrà àti ààwẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ti ń bá Níyì jà. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ rí i níbẹ̀, ọkàn àwọn lè kú, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti kú kò lè gbàdúrà. Mo tún bẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo bẹ̀ wọ́n bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Èsì kan náà ni.

Ní ọjọ́ Ajé, mo bá wọn ní kíṣìnnì, wọ́n ń ṣa ẹja gbígbẹ tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ kejì. Aago márùn-ún ti kọjá, ààwẹ̀ kò tíì já. Mo rí i bí ọrùn wọn ṣe ti tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀gbà ọrùn wọn sì ti balẹ̀ dé àyà. Wọ́n ní kí n má fòyà. Wọ́n ní àwa méjì ni a fi ẹnu kò nínú ààwẹ̀ yìí, oṣù márùn-ún ni a ti fi gbà á láìjá a lọ́jọ́ kan, Ọlọ́run kò sì ní ṣàì rí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká mi mọ́. Mi ò lè gbé e mọ́.

"Màmi, èmi ti ń já a," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń já a, láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹja.

Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Mo sọ nípa ṣíbí àti bí a ṣe ń la ẹnu. Mo sọ ohun tí Hamdalah sọ fún mi. Mo ń sunkún díẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ pé nítorí ẹnu mi ni Níyì kò fi tíì jáde, kí wọ́n dárí jì mí.

Wọn ò bínú. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti múra fún ìbínú. Wọ́n kàn bi mí léèrè, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì, pé bí mi ò bá jẹ nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣé Níyì ò ní rí oúnjẹ àwọn jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní gbà á wọlé. Wọ́n tún béèrè bóyá kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ ẹ́. Mo ní ẹni tó gbé e wá ni.

"Ẹni tó gbé e wá," Màmi ní.

Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọ yàrá wọn lọ. Aago mẹ́fà lù, wọn ò jáde wá mu ẹ̀kọ. Mo gbé tiwọn síwájú ilẹ̀kùn, mo sì fi àwo dé e.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ní kí n gbé abọ́, mo bá wọn ní pálọ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti wé gèlè tó bá a mu. Abọ́ wà lórí itan wọn. Wọ́n ní kí n yára, kí oúnjẹ má baà tutù.

Wọ́n gbé abọ́ náà lé itan títí a fi dé ibẹ̀. Lórí ìlà, wọn ò wo ẹnikẹ́ni lójú. Hamdalah kí wọn, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n sì dáhùn bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó kàn wá. Ọ̀gá Súmbọ̀ ṣí abọ́, ó rò ó, ó bu díẹ̀. Mo na ọwọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe. Màmi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Èmi ni mo gbé e wá," wọ́n ní.

Wọ́n gba ṣíbí. Aago mọ́kànlá kò tíì lù. Wọ́n pa ojú dé, ètè wọn ń mì, mo sì rò pé wọ́n ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ fún mi pé àdúrà oúnjẹ lásán ni àwọn gbà. Wọ́n fi ṣíbí sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i tí ojú wọn yí padà.

"Tómisìn. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, mà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu," Ọ̀gá Súmbọ̀ ní.

Màmi, tí wọ́n ti ní kí ọmọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún la ẹnu kí wọ́n lè rí eyín tó ń dùn wọ́n, la ẹnu tiwọn fún wọ́dà.

Níyì ti ń bọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn kejì pẹ̀lú ẹ̀rín fún mi, nígbà tó rí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó dúró. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kọlù ú. Mi ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo sì ti pèsè nǹkan márùn-ún tí mo lè sọ bí kò bá sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn. Mi ò nílò ọ̀kankan.

"Iyọ̀ ò sí nínú àsáró yìí," Màmi ní. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó wo ẹnu wọn. Epo díẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ètè wọn, wọn ò sì mọ̀. Ó wò mí. Ó mọ òfin ẹnu ọ̀nà náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ẹ ti jẹ nínú ẹ̀," ó ní. Kò béèrè. Ó kàn sọ ọ́ ni.

"Ẹni tó bá gbé e wá ló ń jẹ ẹ́. Mo ní kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ẹ ó mọ̀ pé Tómi ń já ààwẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kò parí dáadáa. Ó jókòó, ó fi apá bo ojú lórí tábìlì, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Màmi na ọwọ́ kọjá tábìlì, wọ́n gbé e lé e lórí. Wọ́dà tó ń rìn lọ rìn bọ̀ rí i, ó sì kọjá lọ.

Nígbà tó gbé orí sókè, kò wo ojú wọn. Ó ní láti àgọ́ ọlọ́pàá lòun ti ń gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi òun. Ó ní tí òun bá fẹ́ sùn ni òun máa ń gbọ́ ọ jù.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò lọ́jọ́ yẹn," Màmi ní. "O ò wọ bàtà, ilẹ̀ sì tutù. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ohun tí mo ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi ẹ́ kọ́ nìyẹn." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ̀. "Jẹ́ kí n bi ẹ́ báyìí. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n jí fóònù yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ìgbà tí ẹni tó ni í pè ni mo mọ̀, mo sì júwe ọ̀nà fún un."

"Ó dáa. Ohun tí o máa sọ nìyẹn ní Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ní ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tí o tún máa sọ nìyẹn. Èmi á máa gbé oúnjẹ wá."

Ó ní ó dáa, mà. Màmi ti abọ́ sí i, wọ́n ní kó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kó forí ji àwọn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wa, ó sì fi gbogbo rẹ̀ jẹun, àwa méjèèjì ń wò ó. Mi ò tiẹ̀ rántí parí ìtàn tí mo dá dúró lọ́jọ́ Ẹtì.

Ní Ọjọ́bọ̀, ilé ẹjọ́ kún, a sì jókòó sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ Níyì, Lọ́yà Adébùnmí wo ẹ̀yìn wò wá, nítorí mo ti sọ fún un ohun tí Níyì fẹ́ ṣe. Wọ́n bi àbúrò mi bóyá orí ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà. Ó wá ojú káàkiri nínú ilé náà títí ó fi bá gèlè búlúù Màmi. Ó ní òun kò jẹ̀bi.

Ìyáàfin Ọláfimíhàn wá. Ẹfun pátákó ìkọ̀wé ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó ní àárín ẹ̀kọ́ ni òun ti fi àwọn ọmọ kíláàsì òun sílẹ̀. Ó sọ bí Níyì ṣe gbé ìpè òun, bó ṣe júwe ọ̀nà, bó ṣe ní kí òun wo ilé aláwọ̀ ewé kí òun má baà ṣìnà. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ti sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé kì í ṣe Níyì ló já fóònù òun gbà, wọn ò sì gbọ́. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ́, ó sì ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti gbọ́ ìdájọ́. Wọ́n mú Níyì padà sínú ọkọ̀ wọn. Ó ju ọwọ́ sí wa láti ojú fèrèsé tí wọ́n fi irin dí, ìka rẹ̀ nìkan la rí.

Mi ò tíì mọ bí yóò ṣe rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣì ń mú un padà wálé lọ́kàn mi, nínú òjò, ní ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo gbọ́ ìró ìkòkò, mo sì bọ́ sí kíṣìnnì. Màmi kò fi ààwẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti pín in tuntun ni: ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì la máa jẹun, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú la máa gba àwọn ọjọ́ yẹn padà, títí di aago mẹ́jọ alẹ́ dípò mẹ́fà. Wọ́n ní ohun tí ọmọbìnrin Mùsùlùmí yẹn wí bọ́gbọ́n mu, wọn ò sì rò pé Ọlọ́run á bínú sí i.

Wọ́n bu àsáró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n lá a. Wọ́n ronú. Wọ́n bu òmíràn, wọ́n na ìpọnbẹ̀ sí mi.

"Tọ́ ọ wò," wọ́n ní.

Mo tọ́ ọ wò. Mo ní ó kù díẹ̀.

Wọ́n ṣí ike iyọ̀.